Tíì Tí Mo Ní Kí Ó Má Po

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni káńsù fún un ní yàrá àti pálọ̀ tirẹ̀ ní àdúgbò Old Trafford nílùú Òyìnbó. Láti kékeré ni òye nǹkan kì í ti í tètè yé e, ó sì tún ní wárápá. Àràárọ̀ ni òṣìṣẹ́ kan ń wá tí wọ́n á jọ dáná, tí á sì rí i pé ó lo oògùn rẹ̀. Inú àbúrò mi dùn sí ilé yẹn débi pé ó ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí ìjọba ń dín owó tó ń ná lórí gbogbo nǹkan kù ni obìnrin kan wá láti káńsù bá èmi àti màmá wa nílé àbúrò mi, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì nílò ìrànlọ́wọ́. Ó bi màmá wa bóyá ọmọ rẹ̀ lè dá oúnjẹ sè. Màmá mi kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi sórí ọmọ.

"Yes, by the grace of God."

Ṣé ó máa ń rántí oògùn fúnra rẹ̀?

"He is perfect, in Jesus' name."

Mo fẹ́ la ẹnu, màmá mi wò mí, mo sì pa á dé. A kì í já ìyá ẹni nírọ́ lójú àlejò. Obìnrin yẹn rí ìkòkò tó jóná. Ó rí oògùn àná lórí tábìlì. Àdúrà ìyá ló yàn láti gbà gbọ́, torí pé àdúrà náà dín ìnáwó wọn kù. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ti màmá mi dá obì padà sápò káńsù ni. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ náà dúró. Kò pé oṣù kan tí wárápá fi gbé àbúrò mi ṣubú ní ibùdókọ̀.

A pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí káńsù, wọ́n sì ní àwọn á tún rán ẹlòmíì wá. Mo kúnlẹ̀ bẹ màmá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tí ẹ ń rí ni kí ẹ sọ fún wọn."

"Kí n wá fẹnu ara mi ṣépè fọ́mọ mi?"

Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó sọ ọ́. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń ka ohun tí ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe fún ọkùnrin tí wọ́n rán wá, ó sì ń sọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi jókòó, ó ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó dìde lọ gbé kẹ́tùlù, torí pé a kì í jẹ́ kí àlejò jókòó lásán nílé wa. Odidi ọdún kan ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi kọ́ ọ ní tíì pípo.

Mo rí i tí ọkùnrin náà gbé bírò rẹ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè dá tíì po. Mo gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ àbúrò mi.

"Jókòó. O ò mọ̀ ọ́n po."

Ó wò mí títí, ó sì jókòó.

Wọ́n dá òṣìṣẹ́ náà padà fún un. Títí dòní, bí àlejò bá wọlé tọ̀ ọ́, á kọ́kọ́ yíjú sí mi.

"Sister mi, ṣé mo mọ̀ ọ́n po lónìí?"