Oyèwálé Tó So Fáìlì Wa Pọ̀

Oyèwálé tó ń gbé basement ilé mi ní Marlborough, lókè òkun níbí, kì í jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́dún 2016 tí owó epo já wálẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ downtown ń lé èèyàn bí ẹni ń lé adìyẹ, wọ́n lé òun náà. Ṣé ó wá káwọ́ gbera ni? Rárá o. Ó ń kó snow iwájú ilé mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin tí kò dùn létí rárá, ó sì ń wá iṣẹ́. Rodiyat ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń gbọ́ bùkátà ilé.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Cochrane, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, pè é fún interview. Website tí wọ́n ń kó ìmọ̀ iṣẹ́ wọn sí wà lọ́tọ̀, fáìlì wọn wà nínú cloud lọ́tọ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa so méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní kó mú ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe wá. Oyèwálé bá ṣe website kan fún àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó so ó mọ́ folder cloud tí gbogbo ẹgbẹ́ wa ti ń da ìwé sí láti ọjọ́ pípẹ́: ti PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ti daycare, ti ìdánwò ìwé àṣẹ iṣẹ́. Èèyàn á kàn tẹ ohun tó ń wá, ìwé á jáde.

Ó ku ọ̀la kó lọ, ló bá pe Ẹ̀gbọ́n wa kan, àgbà ẹnjiníà, kí wọ́n wá wò ó. Ògúnṣọlá ni wọ́n ń jẹ́. Mo kàn ń dárúkọ wọn fún yín ni o. Ẹ̀gbọ́n tẹ orúkọ ara wọn, kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún un tẹ̀, òfo. Ojú wọn le. Wọ́n ní ta ló pa ìwé ìdánwò tí àwọn fọwọ́ kọ rẹ́. Oyèwálé tú ìsopọ̀ náà, ó tún un so, ó tún un tú. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi.

Mo ní, “Ta ló fi ìwé Ẹ̀gbọ́n síbẹ̀?”

Ó ní, “Rodiyat ni, mà.”

“Ṣé Rodiyat wá lè kọ orúkọ Ẹ̀gbọ́n gbalaja bẹ́ẹ̀?”

Rodiyat fọwọ́ bo ẹnu. Fọ́tò ìwé àfọwọ́kọ ni, orúkọ tí a bá fún un nìkan la fi lè wá a, “Daddy Ìdùnnú” ló sì kọ, torí Ìdùnnú ni ọmọ Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wa la ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí àgbà kan tó ní orúkọ nínú folder yẹn, Daddy lágbájá àti Mummy làkáàsègbè ló kún ibẹ̀. Ìsopọ̀ ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀kọ́ ilé wa ló dí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Oyèwálé wá ṣe é kí orúkọ méjèèjì máa gbé fáìlì kan náà jáde.

Ní Cochrane, ó sọ ìtàn náà fún wọn bó ṣe rí. Ọ̀gá wọn obìnrin ní kó dúró ná. Ó ní àwọn mekáníìkì tàwọn náà ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé, àṣé ìdí nìyẹn tí wọn kì í rí nǹkan kan tí wọ́n bá ń wá fáìlì.

Ọ̀dọ̀ Rodiyat ni mo wà nígbà tí Oyèwálé pè. Rodiyat fi fóònù sí speaker, a ò gbọ́ nǹkan kan ju èémí ọkọ ẹ̀ lọ.

Rodiyat ní, “Ọkọ mi, kò burú. Máa bọ̀ nílé.”

Oyèwálé ní, “Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀.”

Èmi onílé ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí mo bú sẹ́kún ayọ̀. Rodiyat ti sáré jáde sínú snow láìwọ bàtà.