Pátánì Inú Àpótí Tépù

Télọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Tépù là ń pè é, nítorí tépù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà tó bá ń jẹun. Èmi ń tún máṣínì ìránṣọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀.

Tépù ní òfin kan. Pátánì, ìyẹn bébà líle tó fi ń gé aṣọ, kì í kúrò nínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ló máa ń yà, ẹ̀dà ló ń gbé lọ sórí tábìlì. Tí ẹ̀dà bá bàjẹ́, aṣọ kan ló bàjẹ́. Lọ́dún kan, òun fúnra rẹ̀ ló ṣi ti inú àpótí gé. Ogójì yunifọ́ọ̀mù, gbogbo wọn, apá òsì kúrú. Mo ní kó lọ wá ọmọ ilé ìwé tápá òsì wọn kúrú. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ kú lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Eegun ló ń ro ó. A ò mọ ohun tó ṣe é. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ wá bí ọmọ obìnrin, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìkókó náà wò, Tépù ní kí n sin òun lọ gba èsì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyá ọmọ, kò tíì lè rìn.

Nọ́ọ̀sì mú fáìlì, ó jókòó. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé."

Tépù yọ́ sọ fún mi pé, "Tí wọ́n bá ti fẹ́ ṣàlàyé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa," nọ́ọ̀sì ní, "ìlànà wà tí ara fi ń ṣe purotéènì, èròjà tó fi ń ṣiṣẹ́. Ìlànà yẹn kì í jáde. Ẹ̀dà rẹ̀ ló ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á máa kà á ní lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á máa sín in lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀. Tí lẹ́tà kan bá yí, ìlẹ̀kẹ̀ kan á yí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan, eegun á máa roni: àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn."

Èmi ò tíì lóye. Tépù ti lóye. Ó yọ tépù kúrò lọ́rùn. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀dà ló bàjẹ́ àbí ti inú àpótí?"

"Ti inú àpótí, Bàbá."

"Ogójì," ó ní. "Gbogbo ẹ̀."

"Ogójì kí ni?" Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo ní yunifọ́ọ̀mù ni.

"Bàbá, ẹ ò jẹ́ n parí. Méjì ló wà nínú àpótí: ti bàbá, ti ìyá. Lára ọmọ-ọmọ yín, ọ̀kan ló ní àṣìṣe. Èkejì dáa, ó tó ṣiṣẹ́. Àìsàn yẹn ò ní ṣe é."

Tépù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Inú Tépù ò dùn síbẹ̀.

"Ọmọ mi tó kú ńkọ́?"

"Ó jọ pé méjèèjì ló ní àṣìṣe, Bàbá."

"Ọ̀kan lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀." Ó dìde, ó tún jókòó. "Tí èyí bá dàgbà, tó lọ fẹ́ ẹni tó ní irú ẹ̀?"

"Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ra."

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó ká èsì náà, ó tì í mọ́nú àpótí pátánì. Ọmọ ọ̀hún ò tíì pé oṣù méjì. Lánàá, Tépù bi mí irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin ní.

Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù wá ń ba èmi náà.