Aago Kan Ọ̀sán Lórí Ọkọ̀ Onígbòkun

Kí n tó mọ ìwé kà ni ìyá mi ti kọ́ mi pé bí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi, tí n kò sì rí ẹni tó pè mí, n kò gbọdọ̀ dáhùn. Kí n dìde, kí n wá ẹni náà dé ibi tó wà, kí n fi ojú ara mi rí i, kí n tó wí pé, "Mà." Nínú ilé wa ní Ìbàdàn, bí ó bá pè wá láti inú yàrá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á sáré láti ẹ̀yìnkùlé láìla ẹnu, ó di ẹnu ọ̀nà yàrá kí a tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ní odi ni wá. Ìyá mi kò bìkítà. Ó ní kò sí ẹni tó mọ ohun tó lè máa fi ohùn èèyàn pe èèyàn.

Òun nìkan ṣoṣo ló ń fi oríkì mi pè mí. Ó máa ń fa ìparí rẹ̀ gùn, bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Nígbà tí mo dé Maryland, orúkọ ìrìbọmi mi ni wọ́n kọ sára káàdì àyà mi ní ilé ìwòsàn. Ọkọ mi ń fi orúkọ ọmọ wa pè mí. Sister ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí. Oríkì mi kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, ọkàn ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja kó sì mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ fún mi. Mo ti tọ́jú ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì pamọ́ láti fi lọ wò ó, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Lọ́yà wa, ọmọ Yorùbá kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù ní Langley Park, yọ awò ojú rẹ̀ kó tó dá mi lóhùn.

"Madam, ẹ má travel o. Tí ẹ bá fi jáde ní America láìgba permission, file yín ti kú nìyẹn. Ti ọ̀gá nílé náà, ti ọmọ náà. Ẹ jẹ́ ká apply fún letter permission yẹn, ká máa wait."

A kọ̀wé béèrè àyè láti rìnrìn àjò, a sì ń dúró. Lásìkò òtútù, wákàtí mẹ́fà ni Ìbàdàn fi ń ṣáájú wa. Ní gbogbo Sátidé mo máa ń ro wákàtí mẹ́fà náà mọ́ aago tiwa kí n tó pe ilé aládùúgbò wọn tó ní fóònù, ẹ̀gbọ́n mi á sì mú ìyá mi wá síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

"Láìpẹ́, mà."

"Tètè máa bọ̀ o. Mo fẹ́ fi ojú mi rí ọ."

Nígbà tó di oṣù kìíní, ọ̀gá mi ní ilé ìwòsàn sọ fún mi pé bí n kò bá lo ìsinmi mi kí oṣù kejì tó parí, ó ti ṣègbé. Òyìnbó obìnrin kan tó ti dàgbà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, gbọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gba àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kan, irú ti àtijọ́ tí atẹ́gùn ń tì, tó máa ń lọ láti erékùṣù kan sí òmíràn ní Virgin Islands. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orúnkún ọkọ rẹ̀, kò lè lọ mọ́. Ó ní kí n jẹ́ ká jọ lọ, pé omi Amẹ́ríkà ni, ẹnikẹ́ni kò ní dá mi dúró. Mo tún lọ bi lọ́yà wa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Abẹ́ America náà ni. Ẹ mú driver's license yín dání àti gbogbo receipt. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọkọ̀ yẹn ò yà sí British side o. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ti jáde ní America nìyẹn."

Ọkọ mi ní kí n lọ, pé n kò tíì sinmi láti ọdún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ilé ìwòsàn ń rán mi lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́, pé fún ọ̀sẹ̀ kan n kò ní lè pè wọ́n. Ojú tì mí láti sọ pé n kò lè wá wo ìyá wa, ṣùgbọ́n mo lè lọ gba atẹ́gùn lórí òkun.

Igi ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà. Òpó mẹ́ta ló ní, okùn sì pọ̀ lára rẹ̀ débi pé n kò mọ èyí tí mo lè dì mú àti èyí tí yóò gbé mi ṣubú. Mo rò pé a óò jókòó, ká máa mu jíúsì. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ni wọ́n kó wa lọ ṣe. Òyìnbó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wá ń fa okùn nínú oòrùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín! Mo bú ọ̀rẹ́ mi ní Yorùbá, ó ní èdè mi dùn létí.

Igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ náà, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kì í wọ bàtà, ló kọ́ wa ní òfin ibẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àṣẹ gbọ́dọ̀ pariwo rẹ̀ padà kó tó fọwọ́ kan okùn. Ìgbòkun, aṣọ ńlá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, máa ń bo ojú, atẹ́gùn máa ń gbé ohùn lọ, ẹni tó ń pàṣẹ kì í sábà rí ẹni tó ń pàṣẹ fún. Ó ní bí a kò bá dáhùn, àwọn á rò pé a ti ṣubú sómi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó pè mí láti ẹ̀yìn ìgbòkun, mo dìde, mo rìn yí ká, mo lọ dúró síwájú rẹ̀ kí n tó dáhùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti ń pariwo bíi tiwọn. Ẹnu mi ń dáhùn kí n tó mọ̀.

Kúùkù ọkọ̀ náà, baba aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ ọmọ erékùṣù ibẹ̀, bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo sọ fún un. Ó gé àlùbọ́sà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní orí omi yìí ni wọ́n gbé àwọn baba ńlá òun náà gbà, lábẹ́ pákó ọkọ̀ onígbòkun, àti pé àwọn tí kò dé ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ara mi kò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá wa nísàlẹ̀, tí mo gbọ́ tí igi ọkọ̀ ń dún, n kì í pẹ́ kí n tó gòkè padà.

Ní ọjọ́ kẹrin, tí í ṣe Tọ́sìdé, nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, mo lọ jókòó sí iwájú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, èmi nìkan. Agogo ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí wọ́n fi ń mọ aago kan ọ̀sán. Oòrùn mú. Omi náà mọ́ débi pé mo ń rí òjìji ọkọ̀ wa lórí iyanrìn nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹnì kan fi oríkì mi pè mí.

Láti ọwọ́ òsì ni, lórí omi, níbi tí kò sí nǹkan kan. Kò pariwo. Ó fa ìparí rẹ̀ gùn. Mo ti la ẹnu, nítorí odindi ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti fi kọ́ mi pé kí n máa dáhùn. Mo yára fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ó tún pè mí. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo òkè òpó, kò sẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta rọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ohùn ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo rò pé àwọn tí kúùkù sọ ni, àwọn tó wà nísàlẹ̀ omi, pé wọ́n ti gbọ́ òórùn ilé lára mi. Mo ka Sáàmù kọkànlélàádọ́rùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sínú ìka ọwọ́ mi. Nígbà tí mo parí, ohùn náà ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: inú mi dùn. Mo yin ara mi. Mo ní ìyá mi kọ́ mi re, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ìbá ti gbé mi lọ. N kò bi ara mi léèrè báwo ni òkú inú omi ṣe mọ oríkì mi.

Nígbà tí mo padà dé, mo wọ rélùwéè láti pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ mi sì wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ rélùwéè ní New Carrollton. Ó gba báàgì mi. Ó ní, "Ṣé flight yẹn dáa?" Kò wo ojú mi. Nínú mọ́tò ó ń wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣe road test. Ọjọ́ Túsìdé ni, aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn mọ́tò ará ṣọ́ọ̀ṣì sì tò síwájú ilé wa. Mo wọlé, mo bá pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ní pálọ̀, àti nọ́ọ̀sì mẹ́rin tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìwòsàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kódà ní ọjọ́ Kérésìmesì, a kò tíì rí kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba off lọ́jọ́ kan náà rí. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán, tíì tó wà níwájú wọn ti tutù. Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ tí mo ti wà nílẹ̀.

Pásítọ̀ ní, "Sister, ẹ gba Ọlọ́run gbọ́. Màmá ti sùn nínú Olúwa."

Lọ́jọ́ kejì ni mo tó lè bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó mọ́ ló lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdé, ó ní ká gbé òun jókòó. Ó kọjú sí fèrèsé, ó bá fi oríkì rẹ pè ọ́. Ó dákẹ́, ó ń tẹ́tí. Ó tún pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní, 'Màmá, kò sí níbí, Amẹ́ríkà ló wà.' Ó ní, 'Mo mọ̀. Ó gbọ́ mi. Kò níí dáhùn ni. Àfi kó kọ́kọ́ rí mi.' Ló bá rẹ́rìn-ín."

"Aago mélòó nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Aago mẹ́fà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ, mo ń wá ìṣáná."

Mo yọ wákàtí mẹ́fà kúrò, bí mo ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ ní Sátidé. Aago méjìlá ọ̀sán. Ní aago méjìlá ọjọ́ Tọ́sìdé, mo wà láàárín àwọn èrò ọkọ̀, mo ń jẹ ẹja, mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Kò bára mu. Mo mí kanlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni ojú mi lọ sí aago ọwọ́ mi, mo gbójú sókè wo ti ara ògiri, wọn kò dọ́gba. Èmi ni mo yí aago ọwọ́ mi síwájú ní wákàtí kan nínú bàálù nígbà tí mo ń lọ, torí pé aago àwọn erékùṣù yẹn ṣáájú ti Maryland. N kò tíì dá a padà. Wákàtí márùn-ún péré ló wà láàárín ibẹ̀ àti Ìbàdàn: aago mẹ́fà tiwọn ni aago kan tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé fóònù ti gé. "Ṣé o wà níbẹ̀? Ṣé ìdálẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ dáadáa?"

"Ó lọ dáadáa, mà," mo dá a lóhùn.

Wọ́n sin ìyá mi láìsí mi níbẹ̀. Lẹ́tà àyè tí a ń retí dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún pásítọ̀, ó ní ìró atẹ́gùn ni. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní guilt ló ń bá mi jà, kí n lọ rí counselor. N kò bá wọn jiyàn. Àwọn kò sí níbẹ̀.

N kò kọ́ ọmọ mi ní ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi. Nínú ilé tí a kó lọ lẹ́yìn náà, ní ọ̀nà Upper Marlboro, bí ó bá pariwo "Mommy!" láti òkè, mo ti ń dáhùn kó tó pa ẹnu dé. Ó máa ń bínú pé, "I'm not even done calling you." Ẹnikẹ́ni tó bá pè mí ni mo ń dá lóhùn báyìí, ní wọ́ọ̀dù, ní ṣọ́ọ̀bù, kódà bí kì í bá ṣe èmi ni wọ́n ń pè.

Ní ọjọ́ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́ lásìkò òtútù, tí ọmọ ti lọ sí ilé ìwé, mo máa ń pa rédíò ní aago méjìlá ọ̀sán, tí í ṣe aago kan ní àwọn erékùṣù lọ́hùn-ún. Mo máa ń dúró ti fèrèsé ìdáná, mo sì máa ń wí ketekete pé, "Mà." Mo máa ń tẹ́tí. Kò pè mí mọ́.