Ìwé tí Ọmọ́ṣọlá Kò Gbà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin ọ́fíìsì kò da iṣẹ́ sílẹ̀ rí ní Kábbà, ẹ ní irọ́ ló pa. Ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi da iṣẹ́ náà sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1955. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni Ọmọ́ṣọlá, ọmọ Iffe nítòsí Kábbà, ìyàwó Tíṣà Babátọ́pẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìka rẹ̀ a máa sáré débi pé àwọn akọ̀wé ọkùnrin a gbé iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọn a máa wò ó.

Kì í ṣe pé ó ń fi iṣẹ́ náà ṣe fáàrí o. Ọdún kẹta tó wọlé ọkọ ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun Babátọ́pẹ́. Wọ́n lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gbàdúrà títí, ojú kò san. Nígbà tí ọkùnrin náà kò rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sára pátákó mọ́, wọ́n ní kó lọ sinmi. Sinmi kẹ̀! Ẹni tí kò tí ì pé ogójì ọdún! Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Ọmọ́ṣọlá ni gbogbo ilé ń wò. Wọn kò sì tí ì bímọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń retí igbe ọmọ nínú ilé náà.

Kọ́ńpìnnì òyìnbó kan tó ń ra ẹ̀kúrọ́ àti kọfí ló ń bá ṣiṣẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti kógbá wọlé tipẹ́. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbì kan, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn mọ̀: obìnrin tí oyún rẹ̀ bá ti hàn, ilé yá. Kò sí pé á bímọ padà wá. Nítorí náà, ẹni tó bá lóyún á fi ọ̀já di ikùn pinpin láàárọ̀, á wọ kaba gbàgẹ̀rẹ̀ lé e, á máa mí hẹlẹhẹlẹ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo ayé! Oyún tó yẹ kí obìnrin máa fi yan fanda lójú pópó, òun ni wọ́n ń fi pamọ́ bí ẹrù olè.

Orí Sarah lọ̀rọ̀ kọ́kọ́ bẹ́ sí. Ọmọ Ìsánlú ni Sarah, òun ló ń tọ́jú fáìlì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ooru mú, ó nà gà láti gbé fáìlì sókè, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọmọ́ṣọlá sáré sí i pẹ̀lú Elizabeth, ọmọ Mọ̀pà, tó kéré jù nínú wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìyàwó. Wọ́n tú ọ̀já ikùn rẹ̀ kó lè rí èémí fà. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀gá òyìnbó ti dúró lẹ́yìn wọn. Ó wo ọ̀já, ó wo ikùn. Kò béèrè bóyá ara Sarah le. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, ó ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọmọ́ṣọlá da aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó dìde. Elizabeth dìde. Ṣọlápé, tó ń gba lẹ́tà wọlé, wo ọ̀tún, ó wo òsì, òun náà dìde. Wọ́n jáde lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ọ́fíìsì. Nígbà tí Sarah gbọ́, ó ká ẹní, ó wá bá wọn. Ni Philip, àgbà akọ̀wé, bá sáré jáde.

"Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, ṣé orí yín pé báyìí?"

"Orí wa pé, ọ̀gá," ni Ọmọ́ṣọlá dáhùn. "Ẹ bá wa sọ fún òyìnbó kí Sarah padà sẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin tó bá lóyún, kó gbé oyún rẹ̀ ní gbangba, kó lọ bímọ, kó padà wá bá àga rẹ̀ níbi tó fi í sí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun náà ti lóyún oṣù méjì. Babátọ́pẹ́ nìkan ló mọ̀. Ọkùnrin náà a máa fi ọwọ́ wá ikùn ìyàwó rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé e. Ọmọ́ṣọlá ti búra fún un pé ọ̀já kankan kò ní kan ikùn yẹn.

Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n lọ bá ọkọ wọn dáná. Àwọn obìnrin oko láti Ayewa ní tiwọn ń gbé iṣu sísun kalẹ̀ fún wọn bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n ní ẹni tó ń jà fún ikùn gbọ́dọ̀ jẹun. Inú ọ́fíìsì ńkọ́? Philip jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń fi ìka kan ṣa lẹ́tà bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Ní ọjọ́ karùn-ún, lọ́rì mẹ́ta tó yẹ kó lọ sí Lọ́kọ́ja dúró gbagidi, torí kò sẹ́ni tó tẹ ìwé ẹrù wọn. Ọwọ́ àwọn obìnrin náà ti fẹ́ tẹ ohun tí wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n òyìnbó gbọ́n. Kò rán ọlọ́pàá sí wọn, Bàbá Bámigbóyè ló rán. Alàgbà ni Bàbá yìí nínú ìjọ. Òun ló gba Ọmọ́ṣọlá tọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Iffe, òun ló rán an nílé ìwé, òun náà ló fà á lé Babátọ́pẹ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ keje, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé abẹ́ igi náà.

"Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi," ló fi kí wọn, bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa.

Gbogbo wọn kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e sílẹ̀ níwájú wọn.

"Òyìnbó gbà," ló wí. "Gbogbo ohun tí ẹ béèrè pátá ló gbà, ojú mi ló sì ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wọlé."

Lọ́dọ̀ wa, àgbà tó ṣí fìlà bẹ ọmọdé ti parí ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá tún fọhùn lẹ́yìn ìyẹn, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Síbẹ̀, Elizabeth fà mọ́ etí Ọmọ́ṣọlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí òyìnbó fọwọ́ sí i. Kò ní gbà wá ní àkókò rárá."

Ọmọ́ṣọlá bojú jẹ́. "Pa ẹnu mọ́! Ṣé bàbá mi ni kí n sọ fún pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó mi?"

Bàbá gbọ́ wọn, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Gbogbo wọn gbọn kaba wọn, wọ́n wọlé. Ọlọ́run ò! Àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ tẹ àdéhùn fún ẹlòmíràn, ẹnu lásán ni wọ́n ti gba tiwọn. Bí mo bá rántí, inú a máa bí mi títí di òní.

Ẹ má ṣe rò pé Bàbá parọ́ o. Òyìnbó yẹn sọ ọ́ lóòótọ́, Sarah sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbé òyìnbó náà lọ sí Kánò, tí òmíràn dé. Nígbà yẹn Sarah ti lọ bímọ. Òyìnbó tuntun fi ẹlòmíràn sí àga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí Ọmọ́ṣọlá tó ń gbé ikùn oṣù márùn-ún kọjá láìdì í, tó ń rìn bí ayaba. Ó béèrè ẹni tó fún un láyè. Wọ́n ròyìn àdéhùn fún un, ó ní ìwé rẹ̀ dà.

Bàbá Bámigbóyè fúnra rẹ̀ gbọ́, ó wá. Ó dúró níwájú tábìlì òyìnbó, Philip ń ṣe ògbufọ̀.

"Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún."

"Ìwé rẹ̀ dà, Bàbá?"

"Èmi gan-an ni ìwé."

Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú padà, ó jáde, ó kọrí sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e ló burú jù. Òyìnbó kọ ìwé tó fi lé Ọmọ́ṣọlá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ta ni wọ́n sì máa ń fún ní iṣẹ́ kíákíá? Philip gbé e síwájú rẹ̀, kò lè wo ojú rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá kà á, ó ki bébà bọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ láti òkè délẹ̀. Kò ṣi lẹ́tà kan. Elizabeth ní kí wọ́n tún jáde, àmọ́ Ṣọlápé kò gbórí sókè. Ó ní ta ló tún fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òyìnbó gbọ́? Ọmọ́ṣọlá gbé báàgì rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Òun àti ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ìyà jẹ wọ́n, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ọlọ́runṣọlá, ọmọ náà yè, ó sì sanra.

Elizabeth náà lóyún. Ẹni tó ní kí wọ́n gba ìwé! Ó ti rí ohun tí ojú Ọmọ́ṣọlá rí, ọkọ rẹ̀ kò sì níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ó wá ọ̀já, ó dì í. Láràárọ̀ ló ń dì í, títí oyún fi wọ oṣù kẹjọ. Ọjọ́ tó bí, ọmọ kò ké.

Ọlọ́runṣọlá ti pé oṣù mẹ́ta nígbà náà. Ọmọ́ṣọlá gbé e fún Babátọ́pẹ́ kó tó lọ kí Elizabeth, nítorí ojú wo ni èèyàn á fi pọn ọmọ alààyè lọ síbẹ̀? Ó bá Elizabeth lórí ẹní, àwọn ìyá àgbà yí i ká. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ àbúrò rẹ̀.

"Elizabeth, èmi ni mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ṣe é. Dárí jì mí."

Elizabeth yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ dà?"

"Mo fi í sílé ni."

"Ẹ lọ gbé e wá. Ọmú ń ro mí."

Àwọn ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kó fún omi ọmú náà dànù. Elizabeth kò wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wà. Ọmọ́ṣọlá sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà mu ún títí tí oorun fi gbé e lọ, ìyá rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún.