Kọfí Tí Màmá Rà

Mò ń ra kọfí ní pápákọ̀ òfurufú, òórùn rẹ̀ sì rán mi létí ọ̀sán tí màmá mi lọ sí òkè òkun nígbà tí mo wà ní kékeré. Láti Fìdítì ni mo ti di ìró wọn mú pinpin pé èmi náà ń lọ. Nígbà tí a dé pápákọ̀, ọwọ́ kan ni mo fi jẹ mítípáì tí wọ́n rà. Ni wọ́n bá ra kọfí kún ife, wọ́n gbé e fún mi.

"Ọwọ́ méjèèjì o, Àdùkẹ́! Ife ni kí o máa wò, kó má dà."

Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti lọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé wọ́n fẹ́ tú ọwọ́ mi lára ìró ni.

Mo bi ìyá àgbà, tí a jọ wá, ìgbà tí màmá máa padà.

"Kí o tó mu kọfí yẹn tán."

Ó gbóná, ó korò, ṣùgbọ́n kíá ni mo mu ún tán.