Ìjọba Tí Yóò Dá Bàbá Mi Padà Wálé

Mo di àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ìyá àgbà mi mú ṣinṣin, mo ń fi ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ ha á, omi ọsàn náà sì ń ṣàn dé ìgúnpá wọn. Lẹ́yìn ọsàn, mo bu eérú lé e. Lẹ́yìn eérú, mo mú òkúta tí wọ́n fi ń ha àtẹ́lẹsẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kànga, wọ́n di ojú, wọ́n na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú mi bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gé èékánná fún.

"Ṣé ó ti ń mọ́?"

"Ó ti ń mọ́, Ìyá. Ó ku ọmọńdinrín."

"Ha á dáadáa o, ìyá mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn éè fẹ́ ìdọ̀tí."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ìdìbò ku ọ̀la. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mi ò sì rò pé mo ti fi gbogbo ara ṣe iṣẹ́ kankan tó ìyẹn rí.

Obì ló pa ìka wọn láró. Inú ọgbà kan ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, ni ìyá àgbà ti ń ṣiṣẹ́ gbànja láti ìgbà èwe wọn. Àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ ló máa ń jókòó yí òkìtì obì ká níbẹ̀. Wọ́n á ti rẹ obì náà sómi títí èèpo funfun ara rẹ̀ á fi rọ̀. Wọ́n á wá fi àtàǹpàkò tì í, èèpo á yọ, obì á já bọ́ sínú agbọ̀n: pó, pó, pó. Bí mo bá ń ti iléèwé bọ̀, mo lè mọ ìró ọwọ́ ìyá àgbà láàárín ti gbogbo wọn kí n tó wọlé, torí tiwọn kì í sáré, kì í sì í dúró. Òórùn èèpo tó ti kan, tó ń kan bí omi ògì ọjọ́ mẹ́ta, máa ń wọ inú yúnífọ́ọ̀mù mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, èmi sì fẹ́ràn òórùn náà torí pé òórùn ìyá àgbà ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá bó o tán, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, wọ́n á wo ibi tí kòkòrò bá wọ̀. Wọ́n á fi ewé gbòdògí tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á tò ó sí i, tírélà á sì gbé e lọ sí Òkè Ọya. Ọwọ́ tí omi obì bá kàn kì í mọ́ bọ̀rọ̀, àwọ̀ irin tó dípẹtà ló máa ń dà. Mi ò mọ àwọ̀ mìíràn mọ́ ìka ìyá àgbà.

Màmá mi kò sí láyé mọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Bàbá mi nìkan lọmọ tí ìyá àgbà bí. Ilé iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí oríta ńlá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, títí ọjọ́ tí wọ́n fi àgádágodo ti géètì ibẹ̀ pa, tí wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ. Bàbá mi jókòó sílé fún bí ọdún kan. Nígbà tó yá, wọ́n di báàgì kékeré kan, wọ́n lọ sí Pọtá láti lọ ṣọ́ ọgbà epo. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà làwọn máa lò. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọdún kẹta ló ń lọ. Wọ́n máa ń pè lọ́jọ́ Sunday, ìyá àgbà á gbé fóònù sí mi létí, èmi á sì máa mi orí dípò kí n sọ̀rọ̀, bí ẹni pé bàbá mi ń rí mi.

Bí ìdìbò ṣe ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ ìjọba gba gbogbo ọgbà obì. Ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn kò ju ẹyọ kan lọ: èyí máa lọ, tuntun máa dé. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀ mọ́. Ohun tí oníkálukú máa gbà lọ́wọ́ tuntun ni wọ́n ń sọ.

"Ọ̀nà Akaka ni tèmi," ni obìnrin tó máa ń kó obì wá láti Akaka wí. "Lẹ́ẹ̀mẹta ni ọ̀kadà ti gbé èmi pẹ̀lú àpò obì ṣubú lọ́dún yìí. Ìdí mi kì í ṣe ìdí èèyàn mọ́."

"Iná ni kí wọ́n fún èmi," ni aládùúgbò wa tó ń jókòó lápá òsì ìyá àgbà dáhùn. "Mo ra fíríìjì, aṣọ ni mò ń kó sínú ẹ̀. Èmi náà fẹ́ mu omi tútù kí n tó kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí obì fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá yíjú sí ìyá àgbà, pé kí ni tiwọn. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi ni kí wọ́n dá padà fún mi. Kí wọ́n ṣí àwọn ilé iṣẹ́ yìí, kí ọmọ mi wálé wá ṣiṣẹ́." Wọ́n wò mí níbi tí mo ti ń to ewé. "Ìjọba yìí bá ti lọ báyìí, bàbá ẹ á dé. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì mi. Lójú tèmi, ibì kan ni wọ́n ti bàbá mi mọ́, ìjọba ló sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ìyá àgbà máa dìbò, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ máa kúrò, ẹni tuntun á sì ṣílẹ̀kùn. Mi ò rí ohun tó ṣòro níbẹ̀.

Àfi ìgbà tí rédíò sọ pé ẹ̀rọ kan máa wà níbi ìdìbò, tó máa yẹ ìka oníkálukú wò bóyá òun gan-an ló ni káàdì. Ìdààmú wọ ọgbà obì. Aládùúgbò wa gbọ́ níbì kan pé ẹ̀rọ náà kì í ríran kọjá ìdọ̀tí, pé ìka tó bá pọ́n bí tiwa yìí, ṣe ló máa kọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn: láti ọjọ́rú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan obì mọ́, kí oníkálukú sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ fún ìjọba. Ọgbà dákẹ́. Lẹ́bàá gbogbo kànga àdúgbò, obìnrin ló ń ha ìka. Èmi kò jẹ́ kí ìyá àgbà ha tiwọn fúnra wọn. Bàbá mi ni mò ń ha jáde, ta ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún?

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìka ìyá àgbà mọ́ débi tó ń dán. Wọ́n wọ búbà àti ìró tó jẹ́ ti ọjọ́ ìkómọ, wọ́n fi gèlè funfun kékeré wérí, wọ́n sì fà mí lọ́wọ́ lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń dìbò. Àwọn obìnrin ọgbà obì ti wà lórí ìlà. Wọ́n ń fi ọwọ́ hanra wọn, wọ́n ń kíra wọn kú iṣẹ́.

Kọ́pà obìnrin kan ló mú ẹ̀rọ náà dání. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó gba káàdì wọn, ó sì fi àtàǹpàkò wọn tẹ ojú ẹ̀rọ náà. Kò dún. Ó tún un tẹ̀. Kò dún. Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu ìka náà.

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ ká lo òmíràn."

Ó lo ìfábẹ̀lá, ó lo àárín, ó kọjá sí ọwọ́ òsì. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló tẹ̀ tán. Mo di etí ìró ìyá àgbà mú, mo ń gbàdúrà pẹ̀lú gbogbo kéú tí mo mọ̀.

"Mà, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Obì ni mò ń bó, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mi ò tíì lọ́mú láyà."

Kọ́pà gbé ìka náà sún mọ́ ojú. "Ojú ìka yín ti dán, Mà. Iṣẹ́ ti jẹ ìlà ibẹ̀ lọ, ìwọ̀nba tó sì kù, ẹ ti ha á dànù. Kí lẹ fi fọ ọwọ́?"

Gbogbo obìnrin ọgbà obì tó wà lẹ́yìn wa wo ọwọ́ ara wọn. Èmi wo ilẹ̀, torí mo mọ ẹni tó ha á.

Wọn kò lé ìyá àgbà. Kọ́pà náà wo fọ́tò ara káàdì, ó wo ojú wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú fọ́ọ̀mù kan jáde fún irú wọn. "Ẹ̀yin náà rèé, Mà. Ẹ ó dìbò." Ìyá àgbà dìbò. Wọ́n jáde pẹ̀lú yíǹkì lójú èékánná, wọ́n ń na ìka náà hàn mí, inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ra ẹ̀pà sísun fún mi. Mo jẹ ẹ̀pà náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìjọba kò bá mọ ìyá àgbà, báwo ló ṣe máa mọ ọmọ ta ni kó dá sílẹ̀?

Ìjọba yí padà lóòótọ́. Nígbà tí rédíò kéde rẹ̀, àwọn èèyàn jó dé títì, obìnrin Akaka gbàgbé ìdí rẹ̀ tó ń dùn ún. Ní oṣù bíi méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìjọba fún tuntun. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, mo wọ aṣọ ọdún Iléyá mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Gbogbo ọ̀kadà tó bá yà sí àdúgbò wa ni mò ń dìde fún. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ kẹta, mi ò bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ mọ́, ọrùn rẹ̀ sì ti dọ̀tí.

Ìyá àgbà ti kọ́kọ́ rò pé eré ni mò ń ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n jáde sí mi.

"Ta lò ń retí?"

"Bàbá mi ni."

Ìgbà yẹn ni ẹkún gbé mi. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo bà á jẹ́, pé bí mi ò bá ti ha ìka wọn jù, ẹ̀rọ ì bá mọ̀ wọ́n, bàbá mi ì bá sì ti dé. Mo ní kí wọ́n má bínú sí mi.

Ìyá àgbà mi kò jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, lórí iyẹ̀pẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ mi, tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń wo orí wọn látòkè. Mi ò rí àgbàlagbà kankan tó jókòó bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọdé rí.

"Éè rí bẹ́ẹ̀, ìyá mi. Éè ṣe ẹjọ́ ẹ rárá. Mo dìbò mi, wọ́n sì kà á. Ẹjọ́ mi ni. Ohun tó ń wù mí ni mo gbé fún ẹ bí ìlérí. Mi ò mọ ìgbà tí bàbá ẹ á dé. Ìjọba náà ò mọ̀. Mi ò yẹ kí n sọ ọ́ fún ẹ bí ẹni tó mọ̀. Dákun, forí jì mí."

Wọ́n dúró títí mo fi dáhùn. Mo ní mo ti forí jì wọ́n. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n wá gbé mi wọlé, wọ́n bọ́ aṣọ Iléyá náà lára mi, wọ́n fọ̀ ọ́.

Bàbá mi wálé pátápátá nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Géètì ilé iṣẹ́ wọn ṣì wà ní títì pa títí dòní. Ìyá àgbà kò dúró de ọjọ́ náà. Ó ń dùn mí, mi ò ní parọ́.

Ìkẹ́nnẹ́ ni mò ń gbé báyìí, mo sì ti lọ́mọ obìnrin kan. Ìdìbò tún ti dé tán, wọ́n sì tún ń sọ ọ́ kiri pé èyí máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi bi mí pé, "Màmi, tí ìjọba tuntun bá dé, kí ni wọ́n máa ṣe fún wa?" Ìdáhùn tó dùn mẹ́ta ló ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé wọn mì. Mo sọ fún un pé mo mọ ohun tí mo fẹ́, mo sì ń lọ béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ṣe é. Ó fajúro díẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ iléèwé rẹ̀.

Èmi náà máa dìbò, mi ò tíì pa ọ̀kankan jẹ rí. Láti ìgbà tí mo ti gba káàdì tèmi, àwọn tó ń wá ìbò ti ṣèlérí ọ̀nà fún mi, wọ́n ti ṣèlérí iná àti iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn wọlé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá bá mi, kó ní òun ti ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ òun, kí n forí ji òun. Obìnrin kan ṣoṣo ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí, mi ò sì ní ìbò kankan tí mo lè dì fún un.