Ìròyìn Ìjà Ẹ̀ṣẹ́ Láti Ẹ̀ndóṣíìnì

Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Ṣáínà pè mí lórí fóònù lánàá. Ó ń yán bí ẹni tí kò fojú kan oorun. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ara òun le, pé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà lòun jí wò ní ìdájí. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò lè jókòó mọ́. Mo ń rìn káàkiri àgbàlá bí Abẹ̀ní, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ń rìn lọ́dún tí ìwé kò dé mọ́.

Ayé àwọn Faransé ni, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Aṣọ ni bàbá wa ń tà lọ́jà Sàkẹ́tẹ́. Òórùn aṣọ tuntun àti ti èkùrọ́ tí wọ́n sá sẹ́nu ọ̀nà kì í kúrò nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi Lámídì wọṣẹ́ ṣójà, àwọn Faransé sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ jagun ní Ẹ̀ndóṣíìnì, lọ́hùn-ún ní Éṣíà. Abẹ̀ní tó fẹ́ láti Pobẹ̀ kò tíì lo ọdún kan nílé wa. Bí ìyàwó ilé ti ń ṣe, kò pe orúkọ mọ́ mi lórí rí, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá tó bá nílé. “Akọ̀wé” ló ń pè mí, torí èmi nìkan ló ń lọ sí iléèwé Faransé lágbo ilé wa.

Èmi náà ni mo ń ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi, tó kọ́ ìwé kíkọ nínú iṣẹ́ ṣójà, ń kọ ránṣẹ́ sílé. Á kí bàbá, á kí ìyá, á kí ìyàwó rẹ̀, ó di ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ilé ọtí kan wà nítòsí àgọ́ wọn tí rédíò wà níbẹ̀, tí àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà sì ń fi ìwé ìròyìn wọn sílẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa akànṣẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ ń rọ irin, ló bá sọ ọ́ ní Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, bó tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sí wa. “Dúdú bíi tiwa ni,” ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, “àwọn òyìnbó sì ń dìde dúró kí i.” Ìyá wa, tí kò mọ ibi tí Amẹ́ríkà wà, a máa fi orúkọ rẹ̀ kún àdúà lẹ́yìn ìrun alásárì, láìbéèrè bóyá mùsùlùmí ni tàbí kèfèrí.

Bàbá nìkan ni inú ń bí. “Ọmọ mi wà lójú ogun, ìjà ẹni ẹlẹ́ni ló ń ròyìn fún mi!”

Abẹ̀ní á kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá. Èyí tó ṣeé sọ ló ń sọ.”

Nínú ìwé kan ló ti ní Ọmọ Alágbẹ̀dẹ fẹ́ bá ọ̀gá gbogbo akànṣẹ́ jà, pé òun á kọ bó bá ṣe parí. Láti ọjọ́ náà, ìwé kò dé mọ́. Àgbàdo tí a gbìn lẹ́yìn rẹ̀ gbó, a ya á, ìwé kò dé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀, Abẹ̀ní á ti dúró sí ibùdókọ̀ kó tó fọn fèrè. Á gbé iṣu kaná, á gbàgbé rẹ̀. Á gbálẹ̀ tán, á tún un gbá. Gbogbo agbo ilé ń béèrè pé, “Ta ló borí?” Ìbéèrè kejì tó wà nínú wa, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ gbé e sẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Abẹ̀ní wé gèlè. “Akọ̀wé, dìde. Wọ́n ní akọ̀wé kan ní Pobẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fún epo, ń gba ìwé ìròyìn. Ká lọ bi í.”

A wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pẹ ń sá lọ lójú fèrèsé, Abẹ̀ní kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan títí a fi dé. Akọ̀wé iléeṣẹ́ epo náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, pé obìnrin ti Sàkẹ́tẹ́ wá béèrè ìjà ẹ̀ṣẹ́. Síbẹ̀ ó tú ìdì ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, a sì jọ ń wá a. Èmi ni mo rí orúkọ akànṣẹ́ náà. Wọ́n ti gbá Ọmọ Alágbẹ̀dẹ lulẹ̀, kò sì lè dìde.

“Ṣé torí ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ò fi kọ̀wé?” mo bi Abẹ̀ní.

Ó mi orí. “Kì í ṣe torí ìyẹn, Akọ̀wé. Gba gègé lọ́wọ́ wọn.” Ó wá ń sọ, mo ń kọ: “Ọkọ mi, a ti gbọ́ pé ẹni yín ṣubú. N kò bínú sí ẹni tó bá ṣubú. Ohunkóhun tó bá ṣe yín, ẹ kọ ọ́ sí mi.”

Èsì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì dé, ìkọ̀wé inú rẹ̀ rí bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn. Ilé ìwòsàn ló ti wá. Àdó olóró ti gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi lọ dé ìgbọ̀nwọ́, ojú sì ń tì í láti bẹ ẹlòmíràn pé kó bá òun kọ ọ́. Ọwọ́ òsì ló fi kọ èyí. Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sódì, ó tẹjú mọ́ ọn. “Ó wà láàyè,” ló ń sọ, “ó wà láàyè.”

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ó fara pamọ́ sẹ́yìn èrò títí ibùdókọ̀ fi dá páropáro. Abẹ̀ní lọ bá a níbẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú àbọ̀. Ebi á ti máa pa yín.” Kò wo apá aṣọ tó ṣófo.

Koríko ti bo ojú irin náà báyìí, ìròyìn kì í sì í sùn lọ́nà mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà lókèèrè, àìlèjókòó rẹ̀ kò tíì yàtọ̀ sí ti ìgbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n mi dé, Abẹ̀ní gbé síléètì mi wá. “Akọ̀wé, kọ́ mi. N kò fẹ́ kí wọ́n tún máa bá mi ka ìwé ọkọ mi mọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í, kí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn méjèèjì lo síléètì kan, èmi náà sì di tíṣà, mò ń bá àgbà wí láìbẹ̀rù. Títí wọ́n fi darúgbó, n kò lè sọ èyí tí ọkọ kọ yàtọ̀ sí èyí tí ìyàwó kọ.